Bí A Ṣe To Fèrèsé Halyna sí Ògiri ní Adéwọlé

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ní àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan nígbà ọyẹ́, tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá iwájú ilé Alhájà Sàlámátù ní Adéwọlé. Aago náà dá mi lójú, nítorí aago mẹ́wàá gééré ni wọ́n ní kí n dé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì bá mi sọ ni, "O fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́." Mo ní kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ ló dúró gba èrò ní Post Office.

"Mi ò bi ẹ́ léèrè ìdí," ni wọ́n wí. "Lọ fọwọ́."

Ó ti di ọdún mẹ́fà. Àwọn kan ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ro irú iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ló sábà máa ń kọ irú rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Alhájà, nítorí àwọn ni wọ́n fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí, èmi kọ́. Wọ́n ní, "Èmi ṣe é, ìwọ ń wò mí. Kọ ohun tí o rí." Nítorí náà, ohun tí mo rí ni mo ń kọ. Ibi tí kò bá ti dá mi lójú, màá sọ.

Iṣẹ́ wa ni pé a ń to àfihàn àwòrán àti fọ́tò tí àwọn ará Ukraine òde òní ṣe, kí àwọn ará Ìlọrin lè wá wò ó. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ló ń béèrè pé kí ló pa Ìlọrin àti Ukraine pọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni Alhájà fúnra wọn. Ọmọ Gàmbàrí ni wọ́n, ara àwọn ìdílé tí baba ńlá wọn ti òkè ọya wá. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọ́n rí ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ gbà, wọ́n sì lọ kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní ìlú Kharkiv ní Ukraine. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi gbé yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Halyna. Wọ́n padà wálé, wọ́n yàwòrán ilé fún ìjọba títí iṣẹ́ ọba fi tán, wọ́n sì kó àga kúrò ní yàrá iwájú, wọ́n fi àwòrán tí àwọn ọmọ kíláàsì wọn fún wọn kọ́ ara ògiri. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn ránṣẹ́, àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ náà sì tẹ̀ lé wọn.

Bí èmi ṣe débẹ̀ kò gùn. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú, kò síṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì mọ Alhájà. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó fi yangàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan àwòrán kankan. Mo ń fọwọ́, mo ń gbálẹ̀, mo ń fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lára ògiri. Ní àràárọ̀, Alhájà á gbé àga síwájú fọ́tò kan, wọ́n á ní kí n jókòó tì í fún wákàtí kan. Fọ́tò obìnrin kan tó dúró ní ibùdókọ̀ nínú yìnyín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ mi.

"Rúkáyà, kí lo rí?"

"Obìnrin tí inú rẹ̀ bàjẹ́."

"Ṣé ó sọ fún ẹ ni? Kí lo rí?"

"Obìnrin tó dijú."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló tún kù?"

"Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ló wọ̀."

"Èkejì ńkọ́?"

Mo tún wò ó. "Ó há a mọ́ abíyá, Alhájà. Ó jọ pé owó ọkọ̀ ló fẹ́ yọ."

"Ó jọ pé." Wọ́n mi orí. "Ìyẹn dáa. Tó bá jọ, sọ pé ó jọ. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ pé ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni fọ́tò yìí ò sí níbí láti sọ fún àlejò pé irọ́ lò ń pa mọ́ àwọn."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi dúró níbẹ̀. Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, torí pé iṣẹ́ mìíràn náà kò sí.

Wọ́n le. Àkọsílẹ̀ kékeré tí a máa ń lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, ìlà mẹ́ta péré, wọ́n ya tèmi ní ìgbà mẹ́rin kí wọ́n tó gba ìkarùn-ún. Tí mo bá kọ "arẹwà", wọ́n á ní ta ló bi mí. Tí mo bá fi ìka kan kan gíláàsì férémù, màá nu gbogbo férémù tó wà nínú yàrá. Òfin wọn tó le jù ni rírìn yàrá. Kí a tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ rìn ín: lẹ́ẹ̀kan bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ kí a lè wò ó láti ibi tí ojú ọmọdé mọ, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìrọ̀rí tí a pọ̀n sẹ́yìn bí ìyá ọmọ. Alhájà, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, máa ń pọn ìrọ̀rí náà. Mi ò jẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó ń to àfihàn kò gbọdọ̀ fi ojú ara rẹ̀ nìkan wò ó.

Irinṣẹ́ yí padà níṣojú mi. Hámà àti ìṣó ni wọ́n fi kọ́ mi. Ògiri Adéwọlé le, nínú ìṣó mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí méjì tẹ̀. A ní ọ̀pá oparun kan tí Alhájà fi abẹ sàmì sí, òun la fi ń mọ ibi tí àárín àwòrán yẹ kó wà. Nígbà tó yá, a pe wẹ́dà ajórin kan kó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí yàrá ká lókè, a wá ń fi wáyà so àwòrán kọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń ta iná pupa sára ògiri, tí ìlà rẹ̀ tẹ́ bí omi inú àwo. Tí mo bá ti tan iná náà tán, Alhájà á ṣì gbé ọ̀pá oparun wọn wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí àwòrán ṣe ń dé náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, arìnrìn-àjò ló ń bá wa mú un bọ̀ láàárín páálí méjì. Nígbà tí ogun le lọ́hùn-ún, orí fóònù ni wọ́n ń gbà dé, àwa fúnra wa là ń tẹ̀ wọ́n jáde lágbègbè Post Office. Èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀, Alhájà gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Haba! Yìnyín nìyí àbí gààrí elépo?"

"Alhájà, àwa ò rí yìnyín rí o," ni ẹni tó ń tẹ̀wé sọ.

"Èmi rí i. Tún un tẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló tún un tẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé, "Alhájà, èyí ṣì pọ́n díẹ̀."

Lọ́dún tó kọjá, Oksana, ọmọ Halyna, fi fọ́tò méjìlá ránṣẹ́. Ayafọ́tò ni Oksana, òun àti èmi ti máa ń kọ̀wé sí ara wa lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́ǹbù kan bú nítòsí ilé ìyá rẹ̀ ní Kharkiv, gbogbo gíláàsì fèrèsé ilé náà sì fọ́. Nínú fọ́tò kìíní, yàrá náà ṣófo: ihò fèrèsé nìkan, atẹ́gùn sì ti gbé kọ́tìnnì síta. Kò sí èèyàn níbẹ̀. Nínú ìkejì, Halyna ń gbá gíláàsì. Lẹ́yìn náà, wọ́n ta ọ̀rá, wọ́n kan pákó, aládùúgbò kan gbé férémù tuntun dé, wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n fi pọ́tì, àtè tó ń di gíláàsì mú mọ́ férémù, dí i. Nínú ìkejìlá, Halyna wé gèlè kékeré aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n ń fi ìwé ìròyìn nu gíláàsì tuntun, wọ́n sì gé ètè jẹ bí ẹni tí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Oksana kọ ọ́ pé ìyá òun kórìíra kí èèyàn ya wọ́n ní fọ́tò. Nítorí Sàlámátù nìkan ni wọ́n ṣe gbà. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàánú wọn, kí àwọn èèyàn kàn wo bí wọ́n ṣe ń tún ilé ṣe.

Alhájà àti Halyna kò tíì fojú kan ara wọn láti ìgbà tí Alhájà ti kúrò ní Kharkiv. Alhájà ní èyí ni yóò jẹ́ àfihàn ìkẹyìn wọn.

A to fọ́tò méjèèjìlá yí yàrá ká láti ọwọ́ òsì ẹnu ọ̀nà títí dé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. A rìn ín ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, a pọn ìrọ̀rí. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àìlà, a ṣílẹ̀kùn. Àwọn aládùúgbò wá, àwọn ọmọbìnrin ilé kéú tó wà ní òpópónà kejì wá pẹ̀lú olùkọ́ wọn, Bàbá Ràájí tó ń ṣe gíláàsì ní Ìpàtà náà wá. Àwọn kan nu ojú. Wọ́n kọ̀wé sínú ìwé àlejò tó wà lórí tábìlì: "Kí Ọlọ́hun forí jin ìyá yìí." "Kí Ọlọ́hun tẹ́ wọn sí Àlùjánnà." "Ọlọ́hun á tu ọmọ wọn nínú."

Inú mi dùn. Mo rò pé àdúrà fún gbogbo ẹni tí ogun pa ni wọ́n ń ṣe. Ní ọjọ́ Àtìní, mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fi ránṣẹ́ sí Oksana kí Alhájà tó rí i. Mi ò ní pín àṣìṣe yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ti fi kọ́ mi pé kí n má fi ohun tí mo rò dípò ohun tí mo rí.

Èsì dé lọ́jọ́ kejì. "Ìyá mi ti ka ọ̀rọ̀ náà," ni Oksana kọ. "Wọ́n ń bi mí bóyá nǹkan kan wà tí dókítà sọ fún mi tí mi ò sọ fún wọn. Wọn ò jẹun láti àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú fọ́tò wọn kúrò kó tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀."

Mo gbé fóònù náà lọ bá Alhájà. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Halyna kì í bẹ̀rù nǹkan kan," ni wọ́n sọ. "Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, òun ló ń lé eku. Èmi á ti gun orí bẹ́ẹ̀dì." Wọ́n tún fi awò ojú sí. "Ta ló sọ fún àwọn èèyàn pé ó ti kú?"

"Mi ò mọ̀, Alhájà."

"Lọ wádìí. Mi ò lè fi 'ó jọ pé' bẹ ọ̀rẹ́ mi. Tí o ò bá rí ìdí rẹ̀ kó tó di Jímọ̀, a ó tú u, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ mi parí sí."

Ní ọjọ́ Àlàrùba, mo gbé àpótí sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo jókòó. Mo pinnu pé ẹsẹ̀ àwọn àlejò nìkan ni màá máa wò. Àwọn ọmọbìnrin ilé kéú mẹ́ta ló kọ́kọ́ wọlé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi wọlé, ọ̀tún ni wọ́n sì yà sí. Bàbá kan wọlé, ó yà sí ọ̀tún. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀, ọ̀tún. Mo dìde, mo tẹ̀ lé wọn.

Fọ́tò kejìlá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ń nu fèrèsé rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Lẹ́yìn náà, gíláàsì kúrò. Pákó gba ipò rẹ̀. Pákó di ọ̀rá. Gíláàsì fọ́ sílẹ̀. Níkẹyìn, yàrá ṣófo, kọ́tìnnì ń fẹ́ lọ síta, a ò sì rí ìyá náà mọ́. Bí èmi náà bá gba ibẹ̀ wò ó, mi ò rò pé mi ò ní kọ àdúrà òkú.

Síbẹ̀ mo fẹ́ kó dá mi lójú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tábìlì ìwé àlejò tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ló ń fà wọ́n. Mo gbé e sí òsì: wọ́n kọ̀wé tán, wọ́n padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáànù. Mo pa á, kò yí nǹkan kan padà. Mo wá bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà léèrè pé kí ló dé tó fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í pé kí ló dé tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun.

"Àǹtí, ibo la tún fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ ò lo wàláà rí ni?"

Mo lò ó. Bí gbogbo ọmọ àdúgbò wa, orí wàláà ilé kéú ni mo ti kọ́kọ́ ka Lárúbáwá, láti ọ̀tún sí òsì. Ilé ìwé ìjọba àti kọ̀ǹpútà ló wá yí ojú mi sí òdìkejì, mi ò sì mọ̀gbà tó yí. Àfihàn wa ti tẹ́lẹ̀ kò tú àṣírí náà, nítorí àwòrán kọ̀ọ̀kan ló dá dúró nínú wọn. Ibi tó bá wu èèyàn ló lè ti bẹ̀rẹ̀. Èyí ni àkọ́kọ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Mi ò sọ pé gbogbo ará Ìlọrin ló ń yà sí ọ̀tún. Òṣìṣẹ́ ìjọba méjì yà sí òsì lọ́jọ́ yẹn. Àwọn yòókù tí mo rí, ọ̀tún ni.

Mo ròyìn fún Alhájà. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn, wọ́n di àga mú.

"Wàláí, èmi ọmọ Gàmbàrí! Èmi tí bàbá mi fi pàṣán kọ́ ní wàláà! Halyna tún ilé rẹ̀ ṣe, èmi tún bá a wó o!"

Ní ọjọ́ Àlàmísì, a tú gbogbo rẹ̀, a tún un tò láti ọ̀tún. Mo dábàá pé ká lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Alhájà kọ̀. "Èèyàn kì í ka nọ́ńbà kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀." Bẹ́ńṣì gígùn kan ni a gbé dí ọwọ́ òsì, kí àwọn tó ń yà síbẹ̀ lè rí i pé kò sọ́nà. A rìn ín ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta bí ìṣe wa. A wá rìn ín ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, bí ẹni tó ti ilé kéú bọ̀.

Mo pe Bàbá Ràájí, nítorí wọ́n wà lára àwọn tó kọ àdúrà náà. Wọ́n dé láti Ìpàtà pẹ̀lú pọ́tì lábẹ́ èékánná. Mo gba àyè lọ́wọ́ wọn pé kí n ká ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n rìn ín láti ọ̀tún, wọ́n ń dúró wò, wọ́n ń dá sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìkejìlá, wọ́n kígbe.

"Ìyá tí mo ti ṣàdúrà òkú fún, àwọn nìyí tí wọ́n ń nu gíláàsì? Alhájà, ẹ ò ṣe é dáadáa o!"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àwa la tò ó lódì."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ̀mí wọn á gùn." Wọ́n sún mọ́ fọ́tò náà, wọ́n dínjú. "Ṣùgbọ́n ta ló bá wọn fi pọ́tì sí i? Kò tíì gbẹ, wọ́n sì ti ń nù ún. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ yìí. Yóò sán. Kí wọ́n ha á kúrò níbẹ̀, kí wọ́n fi òróró díẹ̀ pò òmíràn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìfọwọ́ kàn án."

"Bàbá, fèrèsé náà kò sí níwájú wa tí a ó fi tún un ṣe," ni Alhájà sọ.

"Mo mọ̀. Iṣẹ́ ni mo ń sọ, mi ò bá wọn jà."

Mo fi fóònù ya fídíò yàrá náà yípo láti ọ̀tún, mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ Bàbá Ràájí, mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí Oksana. Mo kọ ìdí tí àwọn èèyàn fi rò pé ìyá rẹ̀ ti kú. Mo kọ pé èmi ló fi àdúrà náà ránṣẹ́ láìwádìí, pé bó bá ṣì fẹ́ kí a tú fọ́tò náà, a ó tú u. Alhájà ka ìwé náà, wọn ò ya á.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Alhájà ń múra ìrun, fóònù mi dún. Halyna ni, ojú wọn hàn lórí fóònù. Mo sáré gbé e fún Alhájà. Àwọn ìyá méjèèjì wo ara wọn. Alhájà ló kọ́kọ́ sọ nǹkan, ní èdè Rọ́ṣíà tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún nígbà náà. Halyna gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n mi orí pé rárá. Oksana ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé wọn kì í sọ èdè yẹn nínú ilé wọn mọ́, pé ìyá òun ní kí ọ̀rẹ́ wọn kọ́ èdè Ukraine tiwọn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà: fèrèsé. Mo gbọ́ tí Alhájà ń pè é, "vikno, vikno," tí ìyá lọ́hùn-ún ń tún un ṣe fún wọn, tí wọ́n sì jọ ń rẹ́rìn-ín.

Àfihàn náà dúró. Iṣẹ́ tí Halyna rán sí Bàbá Ràájí ni pé òtítọ́ ni wọ́n sọ, igun ìsàlẹ̀ ti sán. Wọ́n ní nínú gbogbo ẹni tó ti rí fọ́tò yẹn, Bàbá Ràájí ni ẹni àkọ́kọ́ tó wo fèrèsé náà gan-an.

Nígbà tí a tú u sílẹ̀ níkẹyìn, Alhájà fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá iwájú àti ọ̀pá oparun. Mo ní kí wọ́n mú ọ̀pá náà dání, pé mo ní iná pupa. Wọ́n ní, "Mú un. Iná lè lọ." Ní báyìí, wọ́n máa ń wá ní ọjọ́ Àìkú bí àlejò, wọ́n á sì yà sí ọ̀tún.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ronú lórí iṣẹ́ yìí: mi ò lè sọ fún yín pé yóò sọ yín di ọlọ́rọ̀, mi ò sì lè sọ pé àwòrán máa ń dá ogun dúró, nítorí mi ò rí i rí. Mo rí bàbá oníṣẹ́ gíláàsì kan ní Ìpàtà tó ń gba ìyá kan ní Kharkiv níyànjú lórí pọ́tì. Mo wà níbẹ̀.

Lónìí, ọjọ́ Àlàmísì, fọ́tò kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Oksana. Láti inú ilé ló ti yà á. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ kan hàn ní ẹ̀gbẹ́, kò kan gíláàsì. Pọ́tì tuntun wà ní igun ìsàlẹ̀. Mi ò mọ bí nǹkan ṣe máa rí níbẹ̀ lọ́la. Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje àárọ̀ yìí, mo ka ojú gíláàsì mẹ́fà tó wà lára fèrèsé náà lẹ́ẹ̀mejì, láti ọ̀tún. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, kò sí èyí tó sán.